Ọsàn Kò Lè Mú Adìẹ Jinná: Oúnjẹ Alẹ́ Ìgbà Ọyẹ́

Bí ètè bá ti ń là, ẹ tètè fi òrí pa á. Ilé ìdáná la wà lónìí, orí adìẹ sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: adìẹ tí a rẹ sínú omi ọsàn, tí a fi ewé olóòórùn dídùn pa lára, tí a wá yan fún oúnjẹ alẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lójú fèrèsé.

Ó ní ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, mo rí fídíò kan lórí fóònù mi. Obìnrin òyìnbó kan ló ń dáná, yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Ó fún omi ọsàn sórí adìẹ, ó já ewé sí i, ó ní kí a gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí a tó wá gbé e sínú oven. Ó rọrùn lójú mi. Mo ra adìẹ ní ọjà Òkè-Ajé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ra ọsàn, mo ṣe gbogbo ohun tó ní kí n ṣe. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, iná lọ. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó tutù. Mo ní, "Ṣebí ọyẹ́ ń fẹ́, kò séwu." Mo bá lọ sùn. Iná ò dé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà mi wá bá wa jẹun alẹ́. Ojú adìẹ yẹn dára: awọ rẹ̀ pọ́n, òórùn ọsàn gba gbogbo ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ò tilẹ̀ dúró dè wá, ó ti jẹ ẹyọ méjì kí a tó jókòó. Nígbà tí ìyá àgbà fọwọ́ ya itan adìẹ náà, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu lára àyà rẹ̀, wọ́n tu ú jáde: ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kò jọ ẹran lẹ́nu mọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ọsàn ń mú ẹran jinná?"

"Màmá, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ni."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n mọ̀ pé kò sí iná nílé yín?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìgbẹ́ gbuuru fi mú àbúrò mi. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi lè lọ síbi iṣẹ́ tó ń kọ́. N kò lè búra pé adìẹ yẹn ló fà á, ṣùgbọ́n àwa tí a kò jẹ nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, tí mo ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń dán an wò lórí kúkà gáàsì wa. Gbogbo ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ọsàn ló ń fún adìẹ ládùn, iná ló ń mú un jinná, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àkókò tó wà láàárín àwọn méjèèjì gùn jù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni ọsàn ń ṣe lára ẹran?

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan gan-an, torí pé àsíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọsàn mímu náà ní àsíìdì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tó ti ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ní ṣúgà. Bí àsíìdì bá kan ẹran, ó máa ń yí purotéènì tó wà lójú ẹran náà padà. Ẹ ó rí i pé ojú ẹran yóò funfun bí ẹni pé iná ti kàn án. Àwọn ará Peru ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní ceviche: wọ́n á gé ẹja tútù sí wẹ́wẹ́, wọ́n á da omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, yóò sì funfun bí ẹja tí a sè. Ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lójú ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ.

Yíyí tí ojú ẹran yí padà kò ní kí kòkòrò àìsàn kú. Àsíìdì lè pa díẹ̀ nínú wọn lójú ẹran, kò lè pa gbogbo wọn, kò sì lè wọlé dé ẹ̀gbẹ́ egungun. Àwọn kòkòrò méjì tó wọ́pọ̀ jù lára adìẹ tútù, Salmonella àti Campylobacter, iná ló ń ká wọn.

Ohun kejì ni pé bí adìẹ bá pẹ́ jù nínú omi kíkan, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹran tó yẹ kó ṣeé jẹ lẹ́nu á di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ohun tó ṣe àyà adìẹ mi nìyẹn. Nítorí náà, bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà nínú ohun tí ẹ rẹ adìẹ sí, ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan ti tó. Ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí 2. Iyọ̀ ló máa ń wọ inú ẹran lọ dáadáa. Adùn ọsàn àti ti ewé, ojú ẹran ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń dúró sí, bí ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la bí ẹ kò fi sílẹ̀.

Ẹ kò wá rí i pé ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún àwa tí iná ò dúró sílé wa? Àkókò kúkúrú ló dára fún adùn, òun náà ló sì dára fún ìlera.

Ọyẹ́ kì í ṣe fíríìjì

Èyí ni àṣìṣe mi tó tóbi jù. Obìnrin inú fídíò yẹn wà nílùú tí yìnyín ti ń bọ́. Ní tiwa, ìyẹn àwa tí a wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ó ń la ètè, ó ń da eruku sórí tábìlì, ó sì ń mú kí òwúrọ̀ tutù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 20°C ni òtútù náà sábà máa ń mọ ní òwúrọ̀, ó sì tún lè kọjá 30°C lọ́sàn-án. Fíríìjì gbọ́dọ̀ wà ní 5°C tàbí kó dín sí i kó tó lè dáàbò bo ẹran.

Láti 5°C sí 60°C, àwọn kòkòrò àìsàn lè máa pọ̀ sí i. Bí ooru bá bá wọn lára mu, kòkòrò kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láàárín wákàtí kan, ẹyọ kan á di 8, láàárín wákàtí 3, á di 512. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé kí ẹran tútù má ṣe wà níta fíríìjì ju wákàtí 2 lọ, àti pé bí ojú ọjọ́ bá gbóná kọjá 32°C, kó má ju wákàtí kan.

Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí wákàtí 4. Fírísà tó kún dáadáa lè tó wákàtí 48 bí a kò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, nǹkan bí 24. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ yé ṣí fíríìjì láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì tutù. Ṣíṣí yẹn gan-an ló ń lé òtútù jáde.

Irú adìẹ wo lẹ rà?

Ọ̀pọ̀ ìlànà oúnjẹ tó ń ti òkè òkun wá, adìẹ broiler ni wọ́n ní lọ́kàn: adìẹ ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹran rẹ̀ rọ̀. Ní ọjà wa, oríṣi mẹ́ta ni ẹ lè bá pàdé. Broiler wà, adìẹ ìbílẹ̀ wà, adìẹ àgbà tó ti yé ẹyin títí tó fi rẹ̀ ẹ́ náà wà, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní old layer. Bí ẹ bá gbé adìẹ àgbà tútù sórí iná yíyan tààrà, eyín yín ni yóò jìyà. Omi ọsàn kò lè rọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà fún nǹkan bí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí fọ́ọ̀kì yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi omi ọsàn àti ewé pa á lára, kí ẹ sì yan án kí awọ rẹ̀ lè pọ́n. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn, kí wọ́n bọ ẹran kí wọ́n tó din ín, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí ó bá jẹ́ adìẹ inú yìnyín, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Inú fíríìjì ló dára jù kó ti yọ́. Bí ẹ kò bá ní àkókò, ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30. Adìẹ tí àárín rẹ̀ ṣì dì lè jóná níta kí inú rẹ̀ má tíì gbóná rárá.

Ọ̀rọ̀ fífọ adìẹ

Mo mọ̀ pé èyí á dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n yé fọ adìẹ tútù, torí pé omi tó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún máa ń gbé Campylobacter sórí abọ́, sára aṣọ àti sórí oúnjẹ mìíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adìẹ tiwọn ti wà ní mímọ́ nínú ọ̀rá kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Tiwa, ojú wa ni wọ́n ti ń pa á lọ́jà, ìyẹ́ ṣì lè wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀. N kò lè sọ fún ìyá àgbà mi pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mi ò fọ adìẹ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú yàà. Inú abọ́ jíjìn ni mo ń fọ̀ ọ́ sí, jẹ́jẹ́, kí omi má baà ta. Mo máa ń gbé tòmátì, sàláàdì àti abọ́ ìjẹun kúrò nítòsí ná. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́, ọ̀bẹ, pákó ìgẹ́ran àti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, kí n tó wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ adìẹ máa ń lé òórùn ìgbẹ́ àti ti ẹ̀jẹ̀ lọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn pè é ní oògùn kòkòrò.

Ewé wo la fẹ́ lò?

Nínú fídíò, táìmù àti rosemary ni. Ẹ má lọ da owó sórí rosemary. Ẹfinrin wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó dùn mọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ: èròjà tó ń fún táìmù ní òórùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní thymol, wà nínú ẹfinrin náà. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ẹfinrin rọ́pò táìmù, kì í ṣe pé ẹ ń ṣe ayédèrú. Ìbátan ni wọ́n. Ẹfinrin kan máa ń ta sáńsán ju táìmù lọ, iná sì máa ń tètè lé òórùn rẹ̀. Ẹ fi ìdajì sínú ohun tí ẹ fẹ́ rẹ adìẹ sí, kí ẹ fi ìdajì tó kù sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ má sì rò pé nǹkan òyìnbó ni kí a rẹ adìẹ sínú ọsàn. Ní Casamance, lápá gúúsù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n ní oúnjẹ kan tó ń jẹ́ yassa. Omi ọsàn kíkan àti àlùbọ́sà tó pọ̀ yanturu ni wọ́n ń rẹ adìẹ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yan án lórí èédú, wọ́n á tún gbé e padà sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà yẹn títí yóò fi rọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná kàn án. Àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ kò fi iṣẹ́ iná lé ọsàn lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dáná

Ohun tí ẹ nílò fún ènìyàn mẹ́rin sí márùn-ún:

- Broiler kan, nǹkan bí kílò 1.5, tí ẹ gé sí ọ̀nà mẹ́jọ
- Ọsàn mímu 2 àti ọsàn wẹ́wẹ́ 2
- Ẹfinrin, ẹ̀kúnwọ́ kan
- Ááyù, ọmọ mẹ́rin. Atalẹ̀, kó tó ìka àtàǹpàkò
- Àlùbọ́sà ńlá 1. Ata rodo 2
- Iyọ̀, ṣíbí tíì 2. Kọ́rì, ṣíbí tíì 1
- Òróró, ṣíbí ìjẹun 3

Bí ẹ bá fẹ́ fi Mágì sí i, ẹ dín iyọ̀ kù.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ọsàn mímu, kí ẹ ha ojú èèpo rẹ̀ nìkan. Ẹ má ha dé ibi funfun, torí ó korò. Ẹ wá fún omi ọsàn méjèèjì sínú abọ́ tánganran, abọ́ díńgí tàbí abọ́ rọ́bà. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, torí omi kíkan máa ń jẹ ẹ́, ó sì lè fi adùn irin sínú oúnjẹ.

Ẹ gún ááyù, atalẹ̀ àti ata rodo pọ̀, kí ẹ dà á sínú omi ọsàn pẹ̀lú òróró, iyọ̀, kọ́rì, èèpo tí ẹ ha àti ìdajì ẹfinrin tí ẹ ti rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ gé àlùbọ́sà sí i. Ẹ fi ọ̀bẹ la itan àti ẹsẹ̀ adìẹ dé egungun lójú méjì, kí iná lè tètè wọbẹ̀. Ẹ kó adìẹ sínú rẹ̀, ẹ pa á lára dáadáa, ẹ dé e. Bí iná bá wà, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Bí kò bá sí, ìṣẹ́jú 30 níbi tó tutù jù nílé ti tó. Ẹ fi àkókò yẹn dáná nǹkan mìíràn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ló ní oven. Ìkòkò tó nípọn tó sì ní ọmọrí ti tó. Ẹ kó adìẹ àti gbogbo omi rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó hó lórí iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ẹ máa yí i padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ adìẹ kúrò, kí ẹ yan án lórí èédú, lórí páànù ìdin-ǹkan tàbí nínú oven fún ìṣẹ́jú 10 títí awọ rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ má lọ kúrò níbẹ̀: ṣúgà wà nínú ọsàn mímu, ó sì máa ń tètè jóná. Omi tó kù nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó máa hó lọ títí yóò fi ki díẹ̀, kí ẹ wá da ẹfinrin tó kù sí i. Ọbẹ̀ yín nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oven, tí ẹ fẹ́ gbé adìẹ tútù sínú rẹ̀ tààrà, ẹ lo 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45. Omi tí ẹ rẹ adìẹ tútù sí, ẹ má ṣe dà á lé adìẹ tó ti jinná láìjẹ́ pé ẹ ti sè é kó hó dáadáa.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ti jinná?

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni 74°C, níbi tó nípọn jù lára itan, láìfara kan egungun. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń kì bọ ẹran láti fi wọn ìgbóná rẹ̀. Bí ẹ bá ń dáná fún èrò, ẹ wá ọ̀kan rà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ la itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun: omi tó ń jáde gbọ́dọ̀ mọ́, ẹran ibẹ̀ kò gbọdọ̀ máa dán bí ẹran tútù mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣí kúrò lára egungun. Bí ó bá ṣì ń ṣe yín bí ẹni pé kò dá yín lójú, ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú 10. Kò sí àlejò tí kò lè dúró ìṣẹ́jú 10.

Àìsàn oúnjẹ kì í fi ìgbà gbogbo tètè yọjú. Salmonella lè fara hàn láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 6. Campylobacter sábà máa ń gba ọjọ́ 2 sí 5. Nítorí náà, oúnjẹ tí ẹ jẹ kẹ́yìn kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnì kan, ẹ jẹ́ kó máa mu omi dáadáa. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ibà líle bá wà lára rẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún pe ìyá àgbà. Ewùrà tuntun ti dé ọjà, ni mo bá se ìkọ́kọrẹ́, mo gbé adìẹ ọlọ́sàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 péré ni mo fi rẹ ẹ́, torí kò sí iná. Àbúrò mi jókòó, ó ká ọwọ́ pọ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń wo ìyá àgbà. Wọ́n ya itan adìẹ náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ owó wò lọ́jà. Wọ́n bù ú jẹ.

"Ó jinná," ni wọ́n wí. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀ sí i. "Ta ló kọ́ ọ láti fi ẹfinrin sí i?"

Àbúrò mi ti mú tirẹ̀.

Bí ẹ bá dán an wò, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ bó ṣe rí. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ń fi adìẹ sílẹ̀ nínú ọsàn di ọjọ́ kejì láìsí iná nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní. Ó dìgbà kan ná o. Ẹ kú ọyẹ́.